Ká tó fi alumíníọ̀mù bo ògiri ilé bàbá wa

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ń lọ lọ́wọ́ nínú agbo ilé wa ní Bẹẹrẹ, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi tó ń gbé Amẹ́ríkà fi fọ́tò ilé kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí. Ilé funfun báláú ni, ara ògiri rẹ̀ dà bíi pákó tí wọ́n tò léra. Ó ní alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bò ó, pé òun á fowó ránṣẹ́ ká fi irú rẹ̀ bo pẹ́tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tí bàbá wa àgbà kọ́. Inú àwọn ọmọ ilé dùn. Mọ́gàjí wa náà ní àwọn fara mọ́ ọn. Èmi nìkan ni mo ní ká rọra ná, wọ́n bá ní àgbà yìí kò fẹ́ ohun tuntun.

Mi ò bá alumíníọ̀mù jà. Kì í dógùn-ún bí irin. Ó tún fúyẹ́: irin tó bá tóbi tó o fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo jù ú lọ nílọ̀ọ́po mẹ́ta. Ṣùgbọ́n pákó ni egungun ọ̀pọ̀ ilé lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn tó ti sú láti máa kun pákó ní ọ̀dà lóòrèkóòrè ló sọ alumíníọ̀mù di ohun tó gbòde, kó tó di pé ike gbapò rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1970 síwájú. Aṣọ tí wọ́n rán fún pákó ni àbúrò mi fẹ́ wọ̀ fún amọ̀.

Ògiri alámọ̀ a máa mumi láti ilẹ̀ lásìkò òjò, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn a sì fà á jáde. Tá a bá dé e pa, ibo ni omi náà máa gbà? Ìṣó kò sì ní dúró lára amọ̀ tó ti gbó. Àfi ká kọ́kọ́ kan igi tù-báì-tù láti ọjà pákó Bódìjà mọ́ ọn. Oúnjẹ ikán nìyẹn, nínú òkùnkùn, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní tó. Ọjọ́ tá a bá mọ̀, ògiri ti di ihò.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kàn án tún yàtọ̀. Ńṣe ni wọ́n ń fi ìṣó há a kọ́ gbọ̀jẹ̀gbọ̀jẹ̀, kó lè ráyè sún, torí bí oòrùn bá pa á, ó máa ń nà tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti irin. Kápẹ́ńtà tiwa kì í fi ìṣó sílẹ̀ àfi tórí rẹ̀ bá wọlé tán. Ẹ wo bó ṣe máa wú bí àkàrà lọ́sàn-án oṣù kejì.

Ohun tójú mi rí ló jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ yìí. Mo ra páànù kan tí ẹni tó tà á fún mi ní alumíníọ̀mù ni, pé ó nípọn tó 0.55 mìlímítà. Òjò ọdún mẹ́ta péré, ẹsẹ̀ ìṣó ti pọ́n. Mo tú òòfà inú sípíkà rédíò àtijọ́ kan, mo gbé e sí i, ó lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Òòfà kì í mú alumíníọ̀mù. Mo padà lọ bá ọkùnrin náà, ó ní èmi ni mo tẹ páànù mọ́lẹ̀. Ìbàdàn, níbi olè gbé ń jàre olóhun! Láti ọjọ́ náà, òòfà kì í kúrò nínú àpò mi tí mo bá ń lọ sọ́jà, mo sì máa ń ní kí wọ́n wọn bó ṣe nípọn lójú mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní tí a ò bá rí ti Amẹ́ríkà, ká lo irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú pláásà, tí wọ́n ń pè ní Alucobond, awẹ́ alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tí wọ́n fi nǹkan mìíràn sáàárín wọn. Mo bi í léèrè ohun tó wà láàárín awẹ́ méjèèjì. Kò mọ̀. Irú èyí tó ní rọ́bà nínú ló wà lára ilé gogoro tó jóná ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù kẹfà ọdún 2017, èèyàn 72 ló kú.

Ohun tí ògiri wa ń fẹ́ kò ju òrùlé tó yọ síta dáadáa lọ. Bàbá wa àgbà mọ̀ ọ́n, wọ́n na tiwọn síta gan-an. Nígbà tí wọ́n tún un kàn kẹ́yìn, kápẹ́ńtà gé etí rẹ̀ kúrú nítorí àtidín owó páànù kù, apá ibẹ̀ gan-an ni òjò ti ń jẹ ògiri. Mo ti kọ̀wé sí àbúrò mi pé kó fowó náà ránṣẹ́, ká fi ojúlówó alumíníọ̀mù na etí òrùlé, ká sì fi amọ̀ rẹ́ ibi tó ti jẹ. Kò tíì fèsì, ṣùgbọ́n ó ti kà á: àmì méjèèjì ti di búlúù láti ọjọ́ Sátidé.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Bàbá àgbà kan ní Bẹẹrẹ, Ìbàdàn