Wákàtí 20 Náà, Ẹ̀yin Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà ní yunifásítì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kú ojú òtútù. Ẹ rántí pé físà akẹ́kọ̀ọ́ yín ò gbà kẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀, àyàfi nígbà ìsinmi.

Wọ́n ti fagi lé físà ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan. Kò jalè, kò lu jìbìtì. Iṣẹ́ ilé ìkàwé ló ń ṣe, wákàtí 12 lọ́sẹ̀. Ó wá fi títọ́jú arúgbó lálẹ́ kún un, wákàtí 16. Ó ní kò sí èyí tó pé 20 nínú méjèèjì. Ta ló sọ fún un pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kà á? Àpapọ̀ ni! Láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àìkú, gbogbo iṣẹ́ pátá, títí kan èyí tí wọn ò sanwó fún.

N ò ní kẹ́ ẹ má wáṣẹ́ o. Nígbà tí mo wà ní Ìbàdàn, èmi náà to ìwé ní Kenneth Dike Library, ilé ìkàwé yunifásítì ibẹ̀. DT515 ni wọ́n fún mi, ìyẹn ibi tí ìwé ìtàn Nàìjíríà wà. Ọ̀gá wa obìnrin kì í sọ̀rọ̀. Á kàn máa fi ìka tọ ẹ̀yìn ìwé lọ. Tó bá bá DT515.45 níwájú DT515.4, á fà á yọ, á gbé e lé mi lọ́wọ́, á sì dúró. Ìwé tó jókòó síbi tí kì í ṣe tirẹ̀ ti sọnù nìyẹn, bó tilẹ̀ wà nínú ilé.

Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé lọ́dọ̀ yín, ètò nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní Dewey ni wọ́n fi ń to ìwé, 966.9 ni Nàìjíríà níbẹ̀. Kí wọ́n tó gbà ọ́ síṣẹ́, wọ́n lè ní kí o to nọ́ńbà lójú wọn. 966.905 ló ń ṣáájú 966.92, torí 0 ń ṣáájú 2; ẹni tó bá ń wo gígùn nọ́ńbà á kùnà.

Nínú lẹ́tà tí o fi ń wáṣẹ́ ilé ìkàwé, má kọ ọ́ pé o fẹ́ràn ìwé kíkà. Wọn ò ní sanwó fún ọ kí o máa kàwé! Kọ ọ́ pé o lè ti kẹ̀kẹ́ ìwé, pé o lè wá lálẹ́ àti lópin ọ̀sẹ̀, pé o ti dá oníbàárà lóhùn ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ. Bí o bá sì ti ní iṣẹ́ mìíràn, sọ wákàtí rẹ̀ kí wọ́n tó béèrè.

Ẹ ó ní, “Mọ́mì, gbogbo èèyàn ló ń ṣe ju 20 lọ.” Gbogbo èèyàn wo? Ṣé àwọn ni wọ́n máa bá ọ dáhùn? Ó sú mi!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe másítà, ẹ tún gbọ́: ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ fi ń kọ iṣẹ́ ìwádìí yín, ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í kà á sí ìsinmi. Wákàtí 20 náà ṣì ni. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì tó ń rí sí físà yín, ẹ má bèèrè lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbélé.

Ẹni tó bá fẹ́ kí n wo lẹ́tà òun, kó fi ránṣẹ́. Èmi ò ní bá a kọ ọ́ o.

Ìyá yín ni.