Àjọkẹ́, Èéfín Ni, Kì Í Ṣe Ìmẹ́lẹ́

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ Àìkú, 12 oṣù Kẹrin, 2026.

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún Àjíǹde o, ẹ kú òtútù. Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ ọdún dé ọwọ́ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì gbọ́ ọ. Ní àkọ́kọ́ mo rẹ́rìn-ín títí, nítorí bí o ṣe ń fi Yorùbá bú àwọn ará Jámánì níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo gbọ́ bí ohùn rẹ ṣe rẹ̀ tó. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta, màá sọ ọ́ nísàlẹ̀.

O ní láti oṣù Kìíní tí wọ́n ti fi ọ́ ṣe ọ̀gá lórí àwọn mọ́kànlá nílé ìtọ́jú arúgbó yẹn, iṣẹ́ ò lọ. Èyí gba ìwé àìsàn lónìí, tọ̀hún gbà á lọ́la. O ti bẹ̀, o ti bínú, o ti ra kéèkì. O wá ní kí n sọ ohun tí mo ń fún àwọn ìyá tó ń bá mi yan gààrí jẹ tí wọn kì í fi í fi mí sílẹ̀. Ǹ bá fi ohùn dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n fóònù mi ti fẹ́ kú, iná ò sí, ọ̀rọ̀ náà sì gùn. Ìwé ló máa gbà á.

Lákọ̀ọ́kọ́ ná, ta ló sọ fún ọ pé wọn kì í fi mí sílẹ̀? Lọ́dún 2024, mẹ́ta nínú àwọn mẹ́fà tó ń yan gààrí ló kúrò lọ́dọ̀ mi láàárín oṣù méjì. N kò sọ fún ọ nígbà náà, ojú ló ń tì mí.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023, o ti wà lọ́hùn-ún, inú ìròyìn lo ti gbọ́ ọ. Àwa jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ tó ń rin pákí, bẹntiróòlù ló ń mu, nígbà tó sì fi máa di oṣù Keje, lítà kan ti di ₦617. Mo jókòó, mo ṣírò, mo rí i pé bí a ò bá kúrò lórí àpò 19 lọ́sẹ̀ ká bọ́ sí 30, n óò ti ilé gààrí pa kí Kérésì tó dé. Ni mo bá kọ 30 gàdàgbà sára páálí, mo kàn án mọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé mo ti ṣe iṣẹ́ ọ̀gá nìyẹn. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí mo bá ti dé, màá fi ọwọ́ gbá páálí yẹn gbì, màá ní, “Ṣé ẹ rí i?”

Wọ́n rí i. Kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe?

Ohun tí n kò rò ni pé pákí òjò kì í ṣe ẹgbẹ́ pákí ẹ̀ẹ̀rùn. Tọ́ọ̀nù kan pákí tútù máa ń fún wa ní bí àpò mẹ́rin àti díẹ̀, àpò oní-50 kílò, bí gbòǹgbò rẹ̀ bá le dáadáa. Ìyẹn ni pé àpò 30 á gba bíi tọ́ọ̀nù méje. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Keje, èyí tí wọ́n ń kó wá láti Àjáàwà ti mu omi yó. Bí o bá gbé e sábẹ́ jáàkì, omi á máa dà bí ẹni ń fún aṣọ, ohun tó máa kù nínú àpò á sì rí tíntín. Àṣé orí omi tí Ọlọ́run rọ̀ ni mo ti ń bá àwọn ìyá oníyàá jà.

Ọdún 2024 wọlé, mo dá ọgbọ́n míràn. Mo ra àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà, mo gbé e kọ́ sókè níbi tí gbogbo wọn á ti máa rí i, mo ní ẹni tó bá yan gààrí jù lóṣù náà ló ni ín. Háà! Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àpò 26. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ọ̀sẹ̀ kejì, Ìyá Ìbejì, tó máa ń bá Ìyá Ṣakí gbé agbọ̀n nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n, kò gbé e mọ́. Ẹnì kan ń kó igi ìdáná pamọ́ sábẹ́ àpótí ìjókòó rẹ̀. Kí òmíràn lè tètè wọ inú agbada, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó gààrí kúrò lórí iná kó tó gbẹ dénú. Ní òpin oṣù, oníbàárà mi kan ní Ìlọrin fi fídíò ránṣẹ́: ó ki ọwọ́ bọ inú àpò, ó fà á jáde, gààrí ti dì mọ́ra, ó ti hu ewú bí orí àgbàlagbà. Àpò mẹ́rin. Mo san owó rẹ̀ padà láìjiyàn. Ẹni tó sì gba àǹkárá yẹn, títí di òní n kò rí i kó rán an. Báwo ló ṣe fẹ́ wọ̀ ọ́ níwájú àwọn yòókù? Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wàyí o, ọjọ́ kan tí n kò lè gbàgbé. Ìyá Ìbejì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, agbada rẹ̀ wà lófìfo, pákí tó ti wà nínú àpò fún ọjọ́ mẹ́ta ti kan, kò ṣe é dá dúró. Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo jókòó sídìí iná. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń ṣòwò gààrí, Àjọkẹ́, ẹ̀yìn tábìlì ni mo ti ń ṣe é! Kò pé wákàtí kan tí n kò ríran mọ́. Atẹ́gùn ń gbá èéfín láti ẹnu ààrò bọ̀ wá sí mi lójú. Mo yí sọ́tùn-ún, ó bá mi níbẹ̀, mo yí sósì, ó ti ń dúró dè mí. Omijé ń kán, mo ń fi èjìká nù ún kó má baà kán sínú gààrí. Awẹ́ igbá tí mo fi ń rò ó gbóná mọ́ mi lọ́wọ́. Ìyá Ṣakí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kì í tilẹ̀ fi ojú wá bóyá gààrí gbẹ. Ojú wọn á wà ní dídì, wọ́n á fi igbá gbá a mọ́ ẹ̀gbẹ́ agbada, wọ́n á tẹ́tí. Bó bá ṣì tutù, á dún pùrù. Bó bá gbẹ, á dún ṣàrà, bí iyanrìn.

Nígbà tó ṣe, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Màdáámú, ẹ dìde kí ẹ lọ gba atẹ́gùn. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí a bá yan agbada mẹ́ta, a ó bọ́ síta.”

Ìbọ́síta yẹn ni mo ti ń pè ní ìmẹ́lẹ́. Mo ti gé owó lórí rẹ̀ rí.

Mo bẹ olórí àjọ wa kó jẹ́ kí n kó tèmi ṣáájú ìgbà, mo pe bíríkìlà. Ó mọ ògiri sáàárín ìjókòó àti iná, ó da ẹnu ààrò kọ síta tó fi jẹ́ pé ìta la ti ń ti igi bọ̀ ọ́, ó sì gbé ihò èéfín gba inú òrùlé jáde. Owó náà dùn mí, n kò ní purọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, a yan àpò 24, láìsí àǹkárá kankan lókè.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Ajé kí a tó dáná, n kì í béèrè ìdí tí àpò ò fi pé mọ́. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, “Kí ló dí yín lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá?” Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, wọ́n kàn ń wojú ara wọn ni, bóyá wọ́n rò pé mo ń dẹ pàkúté. Lẹ́yìn náà ẹnu ṣí. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó pákí ti kú. Asẹ́ ti ya, gààrí tí kò kúnná ń bọ́ sínú èyí tó kúnná. Ìyá Ṣakí ní tàwọn oúnjẹ ni. Ẹ̀kọ àti àkàrà ni mo máa ń fún wọn láàárọ̀, mo sì rò pé mo ń ṣe dáadáa. Wọ́n ní, “Ṣé kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété la wà ni, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ?” Ará Ṣakí ló wá ń fi oríkì ìlú mi kọ́ mi lọ́gbọ́n! Ní báyìí, ọkà láfún àti ewédú là ń fi ṣíwọ́ àárọ̀. Inú pákí tiwa náà ni láfún ti ń wá, kò fi bẹ́ẹ̀ ná mi lówó, a kì í sì í gbọ́ “ebi ń pa mí” mọ́ títí di aago kan ọ̀sán.

Àti oríkì pàápàá. O mọ̀ pé n kò lè la ẹnu pe Ìyá Ṣakí ní Àdùkẹ́, wọ́n jù mí lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà wà láàárín àwọn tó ń bó pákí, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìyá Àgbà ló ń kí gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ láàárọ̀ bí wọ́n ṣe ń wọlé, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú oríkì tí ìyá sọ wọ́n. Èmi ni wọ́n máa ń pè kẹ́yìn: “Àbẹ̀ní ò, ṣé o jí?” Bí mo bá ti ilé bínú dé, ibẹ̀ ló máa ń tú. Orí mi á wú, n kò ní mọ ìgbà tí n óò ti mú ìgbálẹ̀.

Mo ti yọ páálí yẹn kúrò. Ẹfun ni mo fi ń fa ilà sára ògiri báyìí, ilà kan fún àpò kan, ti gbogbo wa ni, kò sí ti lágbájá. Ohun tó bá lé lórí àdéhùn, gbogbo wa la jọ ń pín in, títí kan ọmọ tó ń ti ẹ̀rọ, torí bí kò bá rin pákí, kí ni wọ́n fẹ́ yan? Nígbà tí òjò ọdún tó kọjá bẹ̀rẹ̀, mo ní ká sọ àfojúsùn kalẹ̀ sí 22. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní 24 làwọn máa ṣe. Wọ́n sì ṣe é, yàtọ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ̀rọ bàjẹ́.

Má wá rò pé mo ti di áńgẹ́lì o. Ọmọ tó ń ti ẹ̀rọ ṣáájú èyí, epo ló ń fà tà ní Sábó. N kò bi í léèrè ohun tó dí i lọ́wọ́. Mo lé e.

Ní ìparí ohùn rẹ, o fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Ìwọ ńkọ́, ta ló ń gbé ọ dìde?” Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo máa ń sùn sílẹ̀ tí màá máa ka irin àjà. Obìnrin kan wà tí a jọ wà ní ẹgbẹ́ akọrin, ó ń kọ ìwé àṣekágbá rẹ̀ ní LAUTECH, yunifásítì ìlú wa níbí, ìwé náà ò sì fẹ́ tán. Àwa méjèèjì dá àáró. O rántí bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é: oko mi lónìí, oko rẹ lọ́la. Aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀, ọ̀kan nínú wa á pe èkejì, oníkálùkù á dárúkọ iṣẹ́ kan ṣoṣo tó máa ṣe. Alẹ́, a ó tún béèrè. Lọ́jọ́ tí ara mi bá kọ̀ pátápátá, iṣẹ́ tí mo ń dárúkọ ni pé màá ṣí géètì. Bí géètì bá ti ṣí, Ìyá Àgbà á ti pè mí.

Ó ku ti ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo gbọ́ ohùn rẹ. Láàárín ọ̀rọ̀, o ní ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gbé àwọn arúgbó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì ní àjà kejì ti bàjẹ́ láti oṣù Kejìlá. O sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ti ojú ọjọ́, o sì padà sórí ìwé àìsàn. Àjọkẹ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé wọn láti ìgbà náà? Àwọn tó ń gba ìwé àìsàn yẹn, àjà wo ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́? Láti ìgbà tí o ti di ọ̀gá, ṣé o ti bá wọn ṣe ṣíìfù kan lókè níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Lọ ṣe é, má ì tíì ra kéèkì kankan, kí o wá sọ fún mi ohun tí o rí.

Máńgòrò ti ń pọ́n níbí, ilẹ̀ ti yí pupa ní Tákíè, kòkòrò eṣinṣin ò sì jẹ́ ká gbádùn. Ọmọ àbúrò bàbá mi ń bọ̀ lọ́hùn-ún nínú oṣù Karùn-ún, mo ti di kóńgò gààrí mẹ́rin sínú báàgì rẹ̀, èyí tó gbẹ tó ń dún ṣàrà. Má fún àwọn ará ibẹ̀ jẹ, wọn ò mọ̀ ọ́n mu.

Mo ka ìdajì lẹ́tà yìí sétí Ìyá Ṣakí lánàá, nígbà tí a ń ká iṣẹ́ nílẹ̀. Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá ààrò ti Jámánì náà máa ń rú èéfín. Mo ní n óò béèrè.

Èmi ni tìrẹ,
Àbẹ̀ní.