Ta Ni Yóò San Owó Òṣìṣẹ́ Tó Ń Ṣàìsàn?

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè láti dá sí ọ̀rọ̀ àtúnṣe òfin lórí owó oṣù ẹni tí àìsàn dá dúró sílé. Mo ní ilé búrẹ́dì kékeré kan n'Íbàdàn, mo sì fara mọ́ ọn pé kí òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ kò yá máa gba owó rẹ̀. Àpò tí owó náà yóò ti máa jáde ni mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin rò dáadáa.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa agbanisíṣẹ́ ń sọ ọ́ bí ẹni pé nǹkan tuntun ni. Kì í ṣe tuntun rárá. Láti àwọn ọdún 1970 ni abala 16 nínú Òfin Iṣẹ́ ti sọ pé òṣìṣẹ́ tí dókítà bá jẹ́rìí sí àìsàn rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tí kò ju 12 lọ lọ́dún. Abala 91 ló fi àlàfo sílẹ̀, nítorí ó yọ àwọn ọ̀gá àti àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kúrò nínú àwọn tí òfin náà ń pè ní òṣìṣẹ́. Ó yẹ kí wọ́n dí i.

Ní iṣẹ́ tiwa, ta ló fẹ́ kí ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń yọ lẹ́nu máa po ìyẹ̀fun? Bí kò bá ní rí owó gbà lọ́jọ́ tí kò wá, yóò wá, yóò sì fi àìsàn náà pamọ́ fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́ kí a ní kí ẹni tó ń gba 70,000 náírà lóṣù lọ sanwó fún dókítà nítorí àìsàn ọjọ́ kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í béèrè ìwé dókítà fún ọjọ́ 7 àkọ́kọ́.

Àìsàn tó gùn ló ń dẹ́rù bà wá. Bí ọ̀kan nínú òṣìṣẹ́ 6 bá dùbúlẹ̀ fún oṣù 2, ọ̀gá yóò san owó rẹ̀, yóò tún san ti ẹni tó dípò rẹ̀. Lóòótọ́, òfin ọdún 2010 ní kí a máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ wa fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ìpalára àti àìsàn tí iṣẹ́ fà nìkan ni owó yẹn wà fún. Ní Jámánì, agbanisíṣẹ́ ń san owó oṣù ní kíkún fún ọ̀sẹ̀ 6, lẹ́yìn náà ni ètò adójútòfò ìlera yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn kò ju 30 lọ sì ń dá owó sínú àpò kan, láti inú rẹ̀ ni a ti ń dá èyí tó pọ̀ nínú owó àìsàn tí wọ́n san padà fún wọn.

Irú àpò bẹ́ẹ̀ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ sínú òfin tiwa, pàápàá fún àwọn ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn kò tó 25, tí òfin owó oṣù tó kéré jù lọ yọ sílẹ̀. Kí ọjọ́ 12 wà lọ́rùn agbanisíṣẹ́, kí àpò náà gbé ìyókù. Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yóò sọ pé àwọn tó bá ń bójú tó àpò náà yóò kó owó rẹ̀ jẹ, ẹ̀rù àwọn ẹlẹgbẹ́ mi yìí kò sì ṣàìnídìí. Nítorí náà, kí aṣojú àwa agbanisíṣẹ́ àti ti àwọn òṣìṣẹ́ jọ máa bójú tó o, kí wọ́n sì máa tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn lọ́dọọdún.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbúrẹ́dì kan, Ìbàdàn