Páálí tí ọmọ náà ò gbé kọ́ ẹlòmíì lọ́rùn

Òṣogbo,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù o, ìwọ, ọkọ rẹ àti ọmọ yín, ìyá kékeré tó wà nílé. Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní wọ́n ń gbà ọ́ níyànjú pé kí o yéé sọ Yorùbá sí ọmọ, kí Gẹ̀ẹ́sì má baà nira fún un tó bá bẹ̀rẹ̀ iléèwé ní Leeds nílùú Òyìnbó níbẹ̀. Mi ò fẹ́ fi ohùn dá ọ lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ nínú mi. Òun ni mò ń rò sùn, òun ni mò ń rò jí, láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n ti pín wa lọ síléèwé láti fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò.

Kíláàsì kẹrin ni wọ́n fún mi, ọmọ 43. Níléèwé tí mo wà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ “fànákúlà”. Orúkọ tí wọ́n ń pe èdè ìyá wọn nìyẹn. Páálí kan wà tí wọ́n so okùn mọ́. Ọmọ tí Yorùbá bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n máa gbé e kọ́ lọ́rùn. Kò sì ní bọ́ ọ títí tó fi máa rí ẹlòmíì mú, kó wá gbé e kọ́ onítọ̀hún lọ́rùn. Ẹni tí aago ìpadàsílé bá bá a lọ́rùn rẹ̀ ló máa gbá kíláàsì, tó máa fọ ṣáláńgá.

Ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn pátápátá tí kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi rò pé ọpọlọ rẹ̀ ò jí, mo tiẹ̀ ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé mi. Ìṣirò onídàá là ń ṣe lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí. Mo ti ya róbótó sójú pátákó, mo ti pín in sí mẹ́rin, mo ti fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí, àwọn ọmọ kàn ń wò mí ni. Mo mọ̀ pé ọmọ náà máa ń bá ìyá rẹ̀ jókòó ti gàrí lọ́jà Ìgbọ̀nà. Mo bá gbàgbé òfin. Mo ní, “Bí ẹnì kan bá ra àbọ̀ kóńgò gàrí, tó tún ní kí wọ́n bu ìlàjì àbọ̀ sí i, kí ló kù kí kóńgò kan tó pé?” Ojú rẹ̀ là. “Ìlàjì àbọ̀ náà ló kù, àǹtí. Ìdá kan nínú mẹ́rin.” Kò tíì jókòó tó fi bi mí pé, “Tí màámi bá wá fi èènì sí i ńkọ́?”

Àdùkẹ́, èènì! Ta ló ronú kan èènì nínú gbogbo ìwé ìṣirò tí wọ́n fi kọ́ èmi àti ìwọ? Ọwọ́ ń lọ sókè káàkiri kíláàsì. Ibẹ̀ ni ọmọ tí páálí wà lọ́rùn rẹ̀ ti dìde, tó lọ gbé e kọ́ ọmọkùnrin tó dáhùn yẹn lọ́rùn.

Mo ní èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́, kí wọ́n wá gbé e kọ́ mi. Ìyá tó ni kíláàsì fojú sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Nígbà ìsinmi, mo ń ṣọ́ ọmọ náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá bá a lábẹ́ igi, ó ń sọ Yorùbá sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bóyá ó ń bá a dárò ni. Ọmọ náà di páálí yẹn mú láyà, kò bọ́ ọ. Òun ló gbálẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun ló fọ ṣáláńgá.

Ara ògiri kíláàsì yẹn kan náà ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé kí ọmọ máa ṣòótọ́, kó sì fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ̀. Ọmọ tó bá ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń bọ́ níbẹ̀. Èyí tó ṣe ọmọlúàbí ló gbé ìgbálẹ̀.

Má rò pé ìyá tó ni kíláàsì burú o. Owó ara wọn ni wọ́n fi ń ra báírò fún àwọn ọmọ tí kò ní. Nígbà tí mo lọ bá wọn, wọ́n ní, “Ọmọ mi, àwọn òbí ló ń fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì máa fi ṣèdánwò fún wọn.” Mi ò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa.

Àmọ́ wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò rí, kò sì jìnnà sí wa níbí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan níléèwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo rẹ̀ pátá, fún ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró bí iṣẹ́ kan, olùkọ́ tó gbọ́ ọ yé ló ń kọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn ọmọ mìíràn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́ta péré kí wọ́n tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, àwọn tó fi Yorùbá ṣe é délẹ̀ ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Fáfúnwá yìí kan náà ló ka ohun méje tí àwọn baba ńlá wa ń lé nínú títọ́ ọmọ, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà tó jáde ní 1974. Ìwà ló fi ṣe ìkejì, ọgbọ́n orí ṣe ìkẹrin. Mo há a sórí fún ìdánwò lọ́dún kìíní wa. Abẹ́ igi yẹn ló ti wá yé mi.

Ìjọba àpapọ̀ tiẹ̀ fọwọ́ sí i ní 2022 pé kí èdè ìyá jẹ́ èdè ìkọ́ni nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e. Ó dùn mí wọra.

Ó wá ku tìrẹ. Gẹ̀ẹ́sì ò ní wọ́n ọmọ yín níbẹ̀ yẹn. Nínú bọ́ọ̀sì, lórí tẹlifíṣọ̀n, lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò bá a pàdé. Ẹnu ìwọ àti baba rẹ̀ nìkan ni Yorùbá wà fún un. Máa ka oókan, eéjì fún un. Tẹ́ ẹ bá dé mẹ́rìndínlógún, fi ìka hàn án pé ogún la mú, tá a yọ mẹ́rin nínú rẹ̀. Kó tó dé iléèwé rárá, ìyọkúrò á ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni alábòójútó wa ń bọ̀ wá wò mí. Mo ti tún nóòtù iṣẹ́ ìṣirò yẹn kọ. Yorùbá ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, kí n tó wá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Bí máàkì máa dínkù, kó dínkù. Mo lọ sí Ìgbọ̀nà lánàá, mo bá ìyá ọmọ náà, mo ní mo fẹ́ yá kóńgò. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní ọmọ wọn ló fi kọ́ mi níṣẹ́ ní kíláàsì. Wọ́n wò mí títí, wọ́n fi etí ìró wọn nu kóńgò náà, wọ́n gbé e fún mi. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò tíì sọ fún àwọn rí pé ọmọ àwọn ń dáhùn ìbéèrè.

Jọ̀wọ́, gba ohùn ọmọ yín sílẹ̀ tó bá ń kà á dé ogún, kí o fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi gbọ́ ọ. Bá mi kí ọkọ rẹ.

Èmi ni,
Àjọkẹ́ rẹ.