Ẹ kọ síríà nọ́ńbà sínú rìsíìtì láptọ́ọ̀pù, ẹ jọ̀ọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà kan tẹ́ ẹ gbé jáde lẹ́nu àìpẹ́ yìí ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Ẹni tó kọ ọ́ ní òun gbé láptọ́ọ̀pù lọ bá atúnṣe kan ní Àkúrẹ́ níbí, páásíwọọ̀dù ló ń bèèrè kó tó ṣí, ẹnjiníà yẹn wá ní kó lọ mú rìsíìtì wá, ló bá ní ṣe ni wọ́n fi ọgbọ́n pe òun lólè, pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún lásán ni, wọ́n kàn máa yọ bátìrì kékeré inú ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ á pa rẹ́. Èmi kọ́ ni ẹnjiníà yẹn o. Àmọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe lèmi náà ń ṣe, ní Arákalẹ̀, èmi náà ì bá sì bi í léèrè rìsíìtì ni.

Ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ bátìrì yẹn, torí kò sí kọ́sítọ́mà tí kì í sọ ọ́. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ òótọ́ àtijọ́ ni. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì, pàápàá àwọn tó ti pẹ́, ibi tí BIOS, ètò kékeré tó máa ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé, ń tọ́jú sẹ́tìn sí kò lè rántí nǹkan kan tí iná ò bá sí níbẹ̀, bátìrì róbótó bíi kọ́ìnì yẹn ló ń bá a rántí, tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́, ó gbàgbé aago, ó gbàgbé déètì, ó gbàgbé páásíwọọ̀dù pẹ̀lú ẹ̀. Láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ThinkPad ti Lenovo ni o, Latitude ti Dell ni o, EliteBook ti HP ni o. Inú chip tí ò nílò iná kó tó rántí nǹkan ni wọ́n sábà máa ń tọ́jú tiwọn sí. Ẹ yọ bátìrì di ọdún tó ń bọ̀, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dá a padà, ọ̀pọ̀ wọn á tún bi yín léèrè páásíwọọ̀dù. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ṣé a ò ní gbowó ká ṣe é ni? Àwa tá à ń wá owó rẹ́ǹtì!

Páásíwọọ̀dù tó ń jáde lẹ́yìn tí àmì Windows bá ti yọ, ìyẹn ò le, ilẹ̀kùn yàrá nìyẹn. Géètì ìta lèyí tí mò ń sọ yìí, ó ti dúró síbẹ̀ kí Windows tó jí rárá. Géètì yẹn gan-an ò sì rí bákan náà. Èyí tó ń bèèrè gbàrà tẹ́ ẹ bá tanná sí i wà lọ́tọ̀, èyí tí ThinkPad ń pè ní supervisor tí Dell ń pè ní admin wà lọ́tọ̀, òun ló máa ń ti ibi tí wọ́n ti ń yí sẹ́tìn pa, ti hard disk náà wà lọ́tọ̀. Ti hard disk yìí ló burú jù, torí ẹ̀ báà pààrọ̀ bọ́ọ̀dù inú ẹ̀ tí gbogbo nǹkan so mọ́ pátá, dísìkì ṣì wà ní títì, ẹ gbàgbé fáìlì inú ẹ̀, dísìkì tuntun lẹ máa rà.

Ẹ lè ní báwo ni páásíwọọ̀dù ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí ṣe wá dórí láptọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ fowó yín rà l'Ákùúrẹ́. Ìlú òyìnbó ló ti wá. Kọ́ńpìnnì lọ́hùn-ún á ra ẹ̀rọ lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn IT wọn, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà, á ti BIOS gbogbo ẹ̀ pa kí òṣìṣẹ́ má baà ki fláàṣì bọ̀ ọ́ kó fi kó iṣẹ́ ọ́fíìsì lọ. Tó bá ti lo ọdún mélòó kan, wọ́n á tà á lápapọ̀ fún àwọn tó ń ra àlòkù, wọ́n á nu inú dísìkì mọ́, wọn ò ní rántí tú géètì. Ó di inú kọ̀nténà, ó di Èkó, ó di ọ̀dọ̀ wa. Ibi tó wá ta kókó sí ni pé supervisor yìí kì í dí Windows lọ́wọ́. Ẹ lè máa lò ó lọ kẹ́ ẹ má mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀, ẹ ń tẹ iṣẹ́, ẹ ń wo bọ́ọ̀lù, àfi lọ́jọ́ tí iná bá lọ lójijì nígbà tí Windows ń ṣe àpdéètì, tí bátìrì àlòkù yẹn ò sì lè gbé e, Windows bà jẹ́, ẹ gbé e wá pé ká fi fláàṣì tún un gbé sórí ẹ̀, ẹ̀rọ ní òun ò gba fláàṣì, kẹ́ ẹ mú páásíwọọ̀dù wá. Ìgbà yẹn ni kọ́sítọ́mà á máa wo ojú ẹnjiníà bíi pé òun ló fi síbẹ̀.

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ńkọ́? Lenovo kọ ọ́ sínú ìwé ThinkPad fúnra wọn pé tẹ́ ẹ bá gbàgbé páásíwọọ̀dù supervisor yìí, àwọn ò ní bí àwọn ṣe fẹ́ pa á rẹ́, bọ́ọ̀dù ni wọ́n máa pààrọ̀, ẹ̀yin lẹ máa sanwó ẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí pé ẹ rà á dání. Ti Dell, kóòdù kan máa jáde lójú ẹ̀rọ, service tag, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà, oní lẹ́tà àti nọ́ńbà méje, dáàṣì kan, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rin mìíràn lẹ́yìn ẹ̀, nígbà kan, èèyàn lè kàn sí wọn kí wọ́n bá a wá páásíwọọ̀dù tó máa ṣí i, àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá òun ló ni ín. HP náà ò ní dá yín lóhùn láìsí ẹ̀rí, EliteBook tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé sì rèé, bọ́ọ̀dù lọ̀rọ̀ ẹ̀ máa ń já sí. Ṣé ẹ rí i pé rìsíìtì tí ẹnjiníà Àkúrẹ́ bèèrè, òun náà ni òyìnbó tó ṣe é ń bèèrè.

Ibí ló ti ń dùn mí o, olóòtú. Ẹ wo rìsíìtì tí àwọn èèyàn wa ń gbà lójú pópó Ọba Adésidà àti ní gbogbo àyíká yunifásítì FUTA. "Láptọ́ọ̀pù kan," iye owó, "ọjà tá a bá ti tà a kì í gbà á padà," ó tán. Kò sí pé HP ni àbí Dell ni, kò sí síríà nọ́ńbà, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fi yàtọ̀ sí èkejì. Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Láptọ́ọ̀pù tí wọ́n jí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì àti èyí tẹ́ ẹ fi owó àjọ rà, ìwé yẹn lè jẹ́ ti èyíkéyìí nínú wọn. Ẹni tó ń tajà mọ̀ ọ́n kọ, mo ti rí i tí wọ́n ń kọ IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, sórí rìsíìtì fóònù, kí ló wá dé tí ti láptọ́ọ̀pù fi ṣòro? Èmi ò rò pé gbogbo wọn ló ń fi nǹkan pamọ́ o. Ìmẹ́lẹ́ ni fún ẹlòmíì. Ẹlòmíì sì wà tó mọ ohun tó ń tà.

Mo gbà pé àwọn kan wà láàárín wa tí kì í bèèrè nǹkan kan. Wọ́n ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há chip lórí bọ́ọ̀dù, wọ́n á ka ohun tó wà nínú ẹ̀, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á kọ ọ́ padà. Ó máa ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn kan. Bó bá jẹ́ fáìlì ẹ̀rọ ẹlòmíì ni wọ́n kọ síbẹ̀, síríà nọ́ńbà yín á di ti ẹlòmíì, tí wọ́n bá sì ṣì í kọ, ẹ̀rọ ò ní tàn mọ́ rárá. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ò tiẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn orí WhatsApp tó ń ta "máàsítà páásíwọọ̀dù" ńkọ́? Ẹ fi owó yẹn jẹ iyán o jàre. Ọmọ FUTA tí wọ́n jí láptọ́ọ̀pù ẹ̀ nígbà tó ń kọ project lọ́wọ́, géètì yìí lè jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ò ní jẹ́ kó yá olè lára láti tà á, táwa bá wá ń ṣí i fún gbogbo ẹni tó bá gbé owó wá, ta là ń bá ṣiṣẹ́? Òfin sì mú ẹni tó gba ẹrù olè, ọlọ́pàá ò ní bi mí bóyá mo mọ olè náà lójú kí wọ́n tó tì mí mọ́lé.

Mi ò sọ pé kí ẹni tí rìsíìtì ẹ̀ sọnù máa sunkún lọ sílé o. Bí páálí ẹ̀ bá wà tí síríà nọ́ńbà ara ẹ̀ bá tara ẹ̀rọ mu, mo gbà á. Bí ẹni tó tà á fún un bá lè bá mi sọ̀rọ̀ tó sì mọ ẹ̀rọ yẹn, mo gbà á. Ìwé ìbúra ti kóòtù, màá gbà á, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́, olè náà lè búra, torí ẹ̀ mi ò kì í fi ìyẹn nìkan ṣiṣẹ́.

Ẹni tó bá sì rówó bọ́ọ̀dù, kó rọra o. Bí BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti fáìlì inú dísìkì pa, bá wà lórí ẹ̀, bọ́ọ̀dù tuntun ò ní kọ́kọ́rọ́ tí dísìkì yẹn mọ̀, á ní kẹ́ ẹ tẹ nọ́ńbà gígùn kan oní díjíìtì 48 wọlé. Inú àkáǹtì Microsoft yín ló sábà máa ń wà, tàbí lọ́wọ́ àwọn IT ọ́fíìsì yín, ẹ wá a rí kí ẹnikẹ́ni tó tú skrúù. Bí Windows bá ṣì ń ṣí, ẹ kó fáìlì yín jáde lónìí.

Kí n tó gbàgbé, àwọn kan wà tí wọn ò gbàgbé páásíwọọ̀dù rárá, kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n pààrọ̀. Ti Jámánì, ibi tí Z wà níbẹ̀, Y ló wà lórí tiwa, BIOS ò sì mọ ohun tí wọ́n tẹ̀ sórí kíì, ibi tó wà ló mọ̀. Bí lẹ́tà méjèèjì yẹn bá wà nínú páásíwọọ̀dù yín, ẹ fi wọ́n rọ́pò ara wọn wò. Ẹ tún wo Num Lock, kíì tó lè sọ àwọn lẹ́tà kan di nọ́ńbà.

Ẹ̀yin ọ́fíìsì Alágbàkà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tẹ́ ẹ fẹ́ fi páásíwọọ̀dù sí tiyín, kò burú, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú síríà nọ́ńbà ẹ̀rọ náà, kẹ́ ẹ fi sínú séèfù, kí èèyàn méjì mọ ibi tó wà. Ẹni tó bá ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó tú u kó tó gbowó ìkẹyìn, kò le fún ẹni tó mọ̀ ọ́n: ẹ tẹ ti àtijọ́, ẹ fi àyè tuntun sílẹ̀ lófìfo, ẹ tẹ Enter, ó ti kúrò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀, kẹ́ ẹ tó ka owó, ẹ ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún un tàn, kẹ́ ẹ máa tẹ F1 tó bá jẹ́ ThinkPad, F2 fún Dell, F10 fún HP. Bó bá bèèrè páásíwọọ̀dù, ẹ gbé e sílẹ̀ fún wọn, àfi bí wọ́n bá tú u lójú yín. Bí kò bá bèèrè, ẹ yí ìdí ẹ̀ padà, síríà nọ́ńbà wà níbẹ̀, bó bá ti pa rẹ́, ó wà nínú BIOS tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí yẹn. Bí ọlọ́jà bá ní òun ò ráyè kọ ọ́, ẹ gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sórí rìsíìtì fúnra yín, kẹ́ ẹ ní kó sáìn sí i kó tó gbowó.

Èmi ni tiyín,
Atúnkọ̀ǹpútàṣe kan, Arákalẹ̀, Àkúrẹ́.