Ẹ Má Jẹ́ Ká Gbàgbé Béèrè

Sí Olóòtú,

Aláró ni mí ní Ìtòkú. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá tó kọjá, mo bi àwọn ọmọléèwé mẹ́ta tó wá ra àdìrẹ léèrè bóyá wọ́n mọ ẹni tí wọ́n bí l'Abẹ́òkúta lọ́jọ́ náà ní 1900. Wọn ò mọ̀. Ó dùn mí wọra.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ni, ẹni tí à ń pè ní Béèrè. Ìyá tó bí ìyá mi wà lára àwọn obìnrin ọjà tó tẹ̀ lé e lọ fẹ̀hónú hàn síwájú ààfin Aké nítorí owó orí ní 1947. Inú agolo mílíìkì ni màmá tọ́jú rìsíìtì owó orí wọn sí títí wọ́n fi lọ. Ọwọ́ mi ló wà báyìí: ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, ojú ìka aró sì wà létí rẹ̀. Ní 1949, Aláké Adémọ́lá fi ààfin sílẹ̀. Àwọn obìnrin ló ṣe é o!

Olóòtú, ìlú yìí náà ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, ní 1859. Ẹ jọ̀ọ́, tí ọjọ́ náà bá tún pé, ẹ gbé àwòrán Béèrè sójú ewé àkọ́kọ́. Màá ra ogún, màá pín in fáwọn ọmọ Ìtòkú.

Ìyá Aláró,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta.