Ìkéde fún àwọn ìdílé ológun tó jà ní Vietnam

Ẹ̀yin ará wa, òfin PACT ti ọdún 2022, òfin Amẹ́ríkà fún àwọn ológun tí oògùn olóró kan lára, ti fi ẹ̀jẹ̀ ríru kún àwọn àìsàn tí ìjọba Amẹ́ríkà gbà pé ó wá láti ara Agent Orange, oògùn tí wọ́n fi bàálù fọ́n láti wọ́ ewé igbó Vietnam dànù. Àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, jẹjẹrẹ prostate àti àrùn Parkinson tó ń mú ara gbọ̀n ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá tẹ ilẹ̀ Vietnam láàárín January 9, 1962 sí May 7, 1975 kò ní láti fi hàn pé oògùn náà kan òun lára. Bí VA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun, bá ti kọ̀ nígbà kan láti san owó ìrànwọ́ fún yín lórí ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ fi fọ́ọ̀mù 20-0995 tún béèrè.

Ẹ̀yin opó, bí ẹ bá fẹ́ gba owó ìrànwọ́ tí VA ń san fún ìdílé ológun tí irú àìsàn wọ̀nyí pa, ìwé ẹ̀rí ikú ló máa ń dá ọ̀rọ̀ rú jù. “Ọkàn dáṣẹ́ sílẹ̀” nìkan ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, wọn kì í sọ ohun tó fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ sí i: bí àtọ̀gbẹ bá dá kún ikú náà, kó kọ ọ́ síbẹ̀. Bí ìwé bá ti jáde, ẹ ní kó tún un ṣe tàbí kó kọ lẹ́tà àlàyé. Ẹ wá fi fọ́ọ̀mù 21P-534EZ, èyí tí opó fi ń béèrè owó náà, ránṣẹ́ kí ọdún kan tó pé lẹ́yìn ikú. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, owó àwọn oṣù tó ti lọ yóò bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.